Kí Dáṣíbọ́ọ̀dù Tó Tún Tàn: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Tí Omíyalé Wọ Ọkọ̀ Wọn

Ọkọ̀ ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó wà ní ibùdó, àti àwọn tó lọ forí pamọ́ sọ́dọ̀ ẹbí, ló ti ń bi wá ní ìbéèrè kan náà: “Ọkọ̀ wa ti gbẹ, ó tiẹ̀ ti ń dáhùn, ṣùgbọ́n dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kò tàn. Ṣé a lè máa gbé e ṣiṣẹ́ báyìí?”

Ìdáhùn wa ni pé ẹ má tíì gbé e ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni pé dáṣíbọ́ọ̀dù kọ́ ló ń mú kí táyà yí. Ṣùgbọ́n òun ni ẹnu tí ọkọ̀ fi ń sọ fún yín pé ara òun kò yá. Bí ọ́ìlì bá tán, bí omi rédíétọ̀ bá ń hó, bí bátìrì kò bá gba iná mọ́, ibẹ̀ ni ẹ ó ti kọ́kọ́ rí i. Ọkọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti dí lè jó tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láàárín ìrìn kékeré, kí ẹ tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Owó tí ẹ ó ná lórí ẹ́ńjìnnì tó bá nọ́ọ̀kì yóò sì ju owó àtúnṣe dáṣíbọ́ọ̀dù lọ fíìfíì. Ìdílé tó jẹ́ pé ọkọ̀ yẹn nìkan ni omi fi sílẹ̀ fún un láti fi wá oúnjẹ kò gbọdọ̀ pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún, bíi Corolla, Camry, Accord, Golf àti irú wọn tó ti lò tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ni ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe. Èyí tó bá ju agbára yín lọ, ẹ ó mọ ohun tí ẹ ó sọ fún rẹ́wáyà, kò sì ní lè gba owó iṣẹ́ tí kò ṣe lọ́wọ́ yín.

Ẹ KỌ́KỌ́ WO IBI TÍ OMI DÉ

Ẹ wo ilà tí ẹrẹ̀ fà sára ilẹ̀kùn àti àga. Ilà yẹn ni yóò sọ ohun tí ẹ máa wá.

Bí omi kò bá kọjá kápẹ́ẹ̀tì, mítà inú dáṣíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kò rí omi. Ṣùgbọ́n wáyà púpọ̀ ló gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀rọ tó ń darí airbag wà nílẹ̀ láàárín àga méjì iwájú. Ìdí nìyẹn tí iná airbag fi máa ń tàn tí kì í kú lẹ́yìn omi kékeré.

Bí omi bá dé orí àga, ó ti lè dé ilé fíùsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún awakọ̀, àti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, tó wà lẹ́yìn àpótí iwájú èrò nínú ọ̀pọ̀ Toyota.

Bí omi bá bo dáṣíbọ́ọ̀dù, dandan ni kí a tú mítà jáde kí a sì fọ̀ ọ́. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé omi tó ga tó bẹ́ẹ̀ ti lè wọ ẹ́ńjìnnì àti gíá.

Irú omi náà ṣe pàtàkì. Omi ọ̀sà àti omi òkun ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ sì máa ń jẹ irin àti kọ́pà kíákíá ju omi òjò lọ. Ẹ̀yin tó ń gbé létí ọ̀sà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó fọ ohun tó yẹ kí ẹ fọ̀.

KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KAN OHUNKÓHUN

1. Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ láti dán an wò. Iná tó bá kọjá lára wáyà tó tutù lè jó ohun tí omi nìkan kò bà jẹ́.

2. Bí ẹ bá ní ìnṣọ́ránsì, ẹ wo ìwé rẹ̀. ‘Third party’ kì í sanwó fún ọkọ̀ ti ẹni tó ni ín. Bí ó bá jẹ́ ‘comprehensive’ tó sì dárúkọ omíyalé, ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ náà, ẹ fi tó wọn létí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wò ó kí ẹ tó tú u.

3. Ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá rí bí ògì tàbí bíi tíì oní-mílíìkì, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe sítáàtì rẹ̀ rárá. Ẹ pe mẹkáníìkì kí ẹ tó ronú kan dáṣíbọ́ọ̀dù. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

4. Ẹ tú wáyà kúrò lórí bátìrì, kí ẹ kọ́kọ́ tú ti ìyọkúrò, èyí tó sábà máa ń dúdú. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró, ó kéré tán, fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀ kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Airbag máa ń fi iná díẹ̀ pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti tú bátìrì. Wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ òféèfèé tí ẹ bá rí níbẹ̀, ti airbag ni. Ẹ má tú u, ẹ má sì fi tẹ́sítà kàn án.

5. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹrẹ̀ omíyalé máa ń ní ìgbẹ́, epo àti kẹ́míkà nínú. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé jókòó sínú ọkọ̀ náà títí tí ẹ ó fi fọ̀ ọ́ tán.

6. Ẹ tú kápẹ́ẹ̀tì jáde kí ẹ sì sá a. Fóòmù abẹ́ rẹ̀ lè mu omi pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí gíláàsì mítà bá ń rí kùrukùru láràárọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó tutù ló ń fa á, kí mítà má ní ẹ̀bi kankan.

Ẹ BI MÍTÀ LÉÈRÈ OHUN TÓ Ń ṢE É

Nígbà tí ohun gbogbo bá ti gbẹ, ẹ so bátìrì padà, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìṣe sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé. Ohun tó kú àti ohun tí kò kú ni yóò tọ́ka sí ibi tí àìsàn wà.

Bí gbogbo mítà bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, fíùsì ni ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà wáyà tí a fi so mọ́ irin ara ọkọ̀, èyí tí àwọn rẹ́wáyà ń pè ní ‘earth’. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, fíùsì tí wọ́n kọ GAUGE sí ló ń gbé iná lọ sí mítà. Fíùsì pupa ni, 10 ni nọ́ńbà rẹ̀.

Bí mítà bá ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ṣùgbọ́n tí kì í tàn lálẹ́, ẹ yí bọ́tìnì tó ń dín iná dáṣíbọ́ọ̀dù kù wò ná. Ẹni tó ń nu ọkọ̀ lè ti yí i sílẹ̀ pátápátá. Bí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kò bá tàn pẹ̀lú, ẹ wo fíùsì tí wọ́n kọ TAIL sí. Bí apá kan bá tàn tí apá kan ṣókùnkùn, gílóòbù kékeré ẹ̀yìn mítà ló ti jó.

Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ mítà kan ṣoṣo ló kú, bíi ti epo tàbí ti ooru, ó ṣeé ṣe kí mítà dára. Ẹ lọ wo sẹ́ńsọ̀ àti wáyà rẹ̀. Ti ooru wà lára ẹ́ńjìnnì, ti epo wà nínú táńkì.

Bí mítà bá ń tàn, tó ń kú, tó sì ń padà wá bí ẹ bá fi ọwọ́ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ṣeé ṣe kí sọ́kẹ́ẹ̀tì ti dẹ̀, tàbí kí òjé tí wọ́n fi jó wáyà mọ́ pátákó inú rẹ̀ ti sán. Àìsàn ogbó ni èyí. Omi lè má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

FÍÙSÌ, WÁYÀ ARA IRIN ÀTI SỌ́KẸ́Ẹ̀TÌ

Kó tó di pé ẹ tú mítà jáde, ẹ parí mẹ́ta yìí. Owó kékeré ló ń ná ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

Bàbá kan ní ibùdó wa ra mítà tòkunbọ̀ fún Camry rẹ̀ nítorí pé mítà ọjọ́sí kò tàn mọ́. Wọ́n so tuntun náà, kò tàn. Nígbà tí rẹ́wáyà mìíràn tú pátákó ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ó bá nọ́ọ̀tì kan tí wáyà mélòó kan pàdé sí lára irin. Ó ti dógùn-ún, ẹrẹ̀ sì ti bò ó. Ó tú u, ó fi sáńpépà ha á títí irin fi dán, ó dì í padà, mítà tàn. Ó so mítà ọjọ́sí padà, òun náà tàn. Mítà tí bàbá náà fi owó oúnjẹ rà ṣì wà nínú àpò rẹ̀ títí di òní.

Nítorí náà, ẹ yọ fíùsì níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀. Bí wáyà inú rẹ̀ bá ti já, ẹ fi èyí tó ní nọ́ńbà kan náà rọ́pò rẹ̀: 10 pupa, 15 búlúù, 20 òféèfèé, 30 àwọ̀ ewé. Bí tuntun náà bá tún jó, wáyà kan ń kan irin níbì kan. Ẹ dúró, ẹ wá ibẹ̀. Ẹ má fi fíùsì tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà tàbí bébà sìgá rọ́pò rẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbiná lójú ọ̀nà nìyẹn.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ní ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tàbí tó funfun bí ẹfun, ẹ fín ‘contact cleaner’ sí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ má lo pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì. Wọ́n ń ba rọ́bà àti ike jẹ́, iná kékeré sì lè mú wọn gbiná.

BÍ A ṢE Ń TÚ MÍTÀ JÁDE TÍ A SÌ Ń FỌ̀ Ọ́

Bí omi bá ti dé mítà fúnra rẹ̀, ẹ tú bátìrì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì ṣe báyìí:

1. Ẹ kọ iye kìlómítà tàbí máìlì tó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀, bí ó bá hàn. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ìgbésẹ̀, kí ẹ lè mọ bí ẹ ó ṣe dá a padà.

2. Ẹ tú síkírúù férémù tó yí mítà ká, lẹ́yìn náà àwọn tó di mítà fúnra rẹ̀ mú. Ẹ kó wọn sínú agolo kan. Ẹ fà á síwájú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tẹ ahọ́n sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fà á yọ. Nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́ gan-an, okùn irin tó ń yí spidómítà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tú òun náà jẹ́jẹ́.

3. Ẹ má fa ọwọ́ mítà yọ, ẹ má sì fi spírítì kan ojú tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Yíǹkì rẹ̀ lè bó.

4. Bí ẹrẹ̀ bá wà lára pátákó ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi omi bátìrì tó mọ́, tí kò ní ásíìdì rárá, ṣàn án díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ‘isopropyl’ tó lágbára tó 90 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nù ún. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, bébà ike fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ kọ́pà sí ló wà lẹ́yìn mítà. Ẹ má fi sáńpépà tàbí ọ̀bẹ ha á, torí kọ́pà náà fẹ́lẹ́ púpọ̀.

5. Ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, lábẹ́ òjìji, fún ọjọ́ kan ó kéré tán. Fáànù dára. Oòrùn gangan àti iná lè tẹ ike rẹ̀. Rírì í bọ inú ìrẹsì kò wúlò, ẹ fi ìrẹsì yín jẹun.

6. Ẹ yí gílóòbù tó ti jó kúrò, kí ẹ fi irú rẹ̀ gan-an síbẹ̀. Wọn kì í wọ́n.

Bí ó bá jẹ́ òjé rẹ̀ ló sán, ẹ gbé mítà náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ládùúgbò. Ẹ sọ fún un pé kó tún òjé ẹsẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì jó. Ẹni tó bá mọṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ kékeré ni fún un.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ RA MÍTÀ TÒKUNBỌ̀

Ó lè jẹ́ pé mítà yín ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i pé ọdún ọkọ̀, irú ẹ́ńjìnnì àti irú gíá bá tiyín mu. Ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ wé ẹ̀yìn ti àtijọ́: sọ́kẹ́ẹ̀tì mélòó, báwo ni wọ́n ṣe rí. Ẹ bá òǹtajà ṣàdéhùn pé ẹ ó dá a padà bí kò bá ṣiṣẹ́, kó sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì.

Iye kìlómítà rẹ̀ kò ní bá tiyín mu. Ẹ kọ ti àtijọ́ àti ti tuntun sínú ìwé ọkọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ má baà tan ẹni tó bá máa rà á lọ́jọ́ iwájú jẹ.

Ẹ̀yin tó ní Golf 4 tàbí Passat irú àkókò yẹn, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí olè gbé ọkọ̀ wà nínú mítà rẹ̀. Bí ẹ bá so mítà mìíràn láìjẹ́ pé ẹni tó ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá yín tò ó, ẹ́ńjìnnì á dáhùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì kú. Fún irú ọkọ̀ yìí, ó sàn kí ẹ tún ti àtijọ́ ṣe.

ÌDÁNWÒ ÌKẸYÌN KÍ ỌKỌ̀ TÓ JÁDE

Kò tó pé dáṣíbọ́ọ̀dù tàn. Ó gbọ́dọ̀ máa sọ òótọ́.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON. Iná pupa tó rí bí agolo ọ́ìlì, iná pupa bátìrì, iná ‘check engine’ àti ti airbag gbọ́dọ̀ tàn. Èyí tí kò bá tàn nínú wọn kì í ṣe ara líle. Ó jẹ́ pé gílóòbù rẹ̀ kú, tàbí wáyà rẹ̀ já, tàbí ẹnìkan ti yọ ọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń yọ gílóòbù ‘check engine’ kúrò kí oníbàárà lè rò pé iṣẹ́ ti parí. Ìdánwò yìí ni yóò tú wọn fó.

Ẹ sítáàtì ọkọ̀. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí iná ọ́ìlì kò bá kú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Bí iná bátìrì kò bá tàn rárá nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, gílóòbù yẹn ló ń fún alternator ní iná àkọ́kọ́ tó fi ń jí. Bí gílóòbù kékeré yìí bá ti jó, alternator tó dára lè má ṣájì, àwọn ènìyàn á sì ní kí ẹ lọ ra òmíràn. Bí ẹ bá ní mítà iná, bátìrì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi 13.5 sí 14.5 hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, kí ẹ má kúrò nídìí rẹ̀. Ọwọ́ mítà ooru gbọ́dọ̀ gbéra láti C, kó gòkè díẹ̀díẹ̀, kó sì dúró nǹkan bí àárín. Bí kò bá kúrò ní C bó ti wù kó pẹ́ tó, kò tíì sọ òótọ́. Bí ó bá ń sún mọ́ H, ẹ pa á. Ẹ má ṣí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì gbóná.

Bí iná airbag kò bá kú, ọkọ̀ lè rìn, ṣùgbọ́n airbag lè má jáde ní ọjọ́ ìjàǹbá. Onímọ̀ nìkan ni kó fọwọ́ kàn án. Ẹ máa so bẹ́líìtì, bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ LÈ BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ RẸ́WÁYÀ

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ bi í pé: “Ṣé ẹ ti wo fíùsì? Ṣé ẹ ti ha wáyà ara irin? Kí ló fi hàn yín pé mítà gan-an ló bàjẹ́?” Rẹ́wáyà tó mọṣẹ́ yóò dáhùn láìbínú, yóò sì fi tẹ́sítà rẹ̀ hàn yín. Ẹ gba gbogbo ohun tó bá pààrọ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ìrànwọ́ dáyósísì láti béèrè ìrànlọ́wọ́ lórí ohun èlò iṣẹ́, ẹ mú rìsíìtì àti fọ́tò yẹn dání.

Nígbà mìíràn, àròpọ̀ owó àtúnṣe lè ju ohun tí ọkọ̀ náà tó lọ, pàápàá bí omi bá ti bo dáṣíbọ́ọ̀dù. Kì í ṣe ìtìjú láti tà á bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé omi wọ̀ ọ́. Ìdílé mìíràn ló fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ LÈ JÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́ YÍN

1. Kí nìdí tí a kò fi gbọdọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀?
2. Bí gbogbo mítà bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni ohun méjì tí a ó kọ́kọ́ wò?
3. Kí ló burú nínú iná ọ́ìlì tí kò tàn nígbà tí a yí kọ́kọ́rọ́ sí ON?
4. Ta ni nínú ibùdó wa tó mọ iṣẹ́ rẹ́wáyà tàbí àtúnṣe rédíò, tó lè ran àwọn tó kù lọ́wọ́?

Ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè kẹrin yẹn kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ mú un wá bá wa, kí a lè ṣètò ọjọ́ kan tí gbogbo yín ó gbé ọkọ̀ wá sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Kí Ọlọ́run fún iṣẹ́ ọwọ́ yín lókun, kó sì mú yín padà sílé yín láyọ̀. Àmín.